Ẹlẹ́sẹ̀-Ìrì Lọ Wá Orúkọ Ìlú Rẹ̀ Nínú Ìkùukùu

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó ní ẹ̀pà lẹ́nu, kó tètè gbé e mì. Ẹni tó fẹ́ húkọ́, kó hú u nísinsìnyí, nítorí bí ìtàn yìí bá ti wọ inú igbó, a kò ní dúró de ẹni tó bá sọ bàtà nù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a gbọ́ lọ́nà oko. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí orin gbẹ mọ́ mi lọ́fun. Ẹ sì mọ̀ pé orin ni oúnjẹ mi.

Ìlú kan wà tí ń jẹ́ Ìdí-Ìyeyè. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn orúkọ ju oúnjẹ lọ. Láyé àtijọ́, inú àpótí kan láàfin ni wọ́n ń kó orúkọ àti oríkì gbogbo ìlú sí, àfi ìgbà tí iná jó àpótí náà, tí tọmọdé tàgbà ń wá ara wọn kiri bí adìyẹ ìrànà. Ni wọ́n bá gbìmọ̀, wọ́n ní, "Ilẹ̀ kò ṣe é fi ìṣúra pamọ́ sí mọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ yá àká lókè."

Wọ́n ta okùn láti orí òrùlé kọ̀ọ̀kan bọ́ sí òpó àárín ìlú. Wọ́n ta á láti ara òpó wọ inú Igbó Okùn, ó sì gba inú igbó gòkè lọ sí Ìlú Ìkùukùu, níbi tí àwọn tí kò ní ẹsẹ̀ ti ń fi yàrá háyà fún àwọn tó ní ilẹ̀. Gbogbo orúkọ ìlú gba orí okùn lọ sínú àká náà. Bí ìyá bá fẹ́ ki ọmọ rẹ̀, yóò kàn fọwọ́ kan okùn, oríkì yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí i lẹ́nu bí omi òjò. Ó rọrùn. Ó rọrùn débi pé kò sẹ́ni tó tún há ohunkóhun sórí mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń tẹ fóònù, ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kó ẹrù sókè? Ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Ohun méjì ló ń ṣọ́ àká náà. Èkíní ni ọ̀rọ̀ ìṣílẹ̀kùn, tí Bàbá Asọ́bodè nìkan mọ̀. Ẹni tó bá ní in lè wọ inú àká. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó orúkọ di tirẹ̀ pátápátá, ó di dandan kó ní kọ́kọ́rọ́ idẹ tó so mọ́ ìbàdí ọdẹ okùn.

Ọdẹ okùn yìí kì í yìnbọn sí ẹtu. Okùn tó já, okùn tí eku jẹ, okùn tí ẹlòmíràn yọ́ fetí sí, ìwọ̀nyẹn ló ń dọdẹ. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Ẹlẹ́sẹ̀-Ìrì ni ká máa pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Onírú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń pè é. Ní ọjọ́ tí wọ́n mú Ìyá Onírú wọlé ní ìyàwó, ọdẹ yìí ṣì kéré. Ó ti inú koríko ẹ̀yìnkùlé sáré wọlé, ó sì fi ẹsẹ̀ tó rin gbindin fún ìrì tẹ ẹní ìyàwó. Ẹ sì mọ àṣà wa: ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹlẹ́sẹ̀-Ìrì, ọkọ mi, ẹ kú àbọ̀." Bó ṣe ń pè é nìyẹn títí ó fi hu irùngbọ̀n. Gbogbo ìyàwó Ìdí-Ìyeyè ló ní irú ìpè bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí wọ́n bá nílé: Eyínfúnjowó, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Má-rẹ̀-wá-lójú. Ọ̀rọ̀ ìdí àdògán ni, ọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Ta ni yóò kó ọ̀rọ̀ ìdí àdògán lọ sí àká òkè?

Ó di àárọ̀ kan, kùrukùru bo ìlú. Ohùn Baálẹ̀ ti inú okùn jáde sí Bàbá Asọ́bodè.

"Asọ́bodè!"

"Baálẹ̀ o! Kí ẹ pẹ́ fún wa!"

"Ọ̀rọ̀ ìṣílẹ̀kùn ti fò mí lórí. Rán mi létí."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ni nínú yín tí yóò wo okùn kó sọ fún Baálẹ̀ pé, "Ìwọ ta ni?" Ẹnu ta ni yóò gbà á? Bàbá Asọ́bodè dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú okùn, ó fi àyà lélẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ náà. Ní àkókò yẹn gan-an, Baálẹ̀ gidi wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó ń run orín, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Kí oòrùn tó yọ, orúkọ ti tán nílùú, èyí tí wọ́n ń jẹ́ àti èyí tí wọ́n lè sọ ọmọ.

Ìyàwó Ẹlẹ́sẹ̀-Ìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọbìnrin kan ni. Ọdẹ yí sí ìyàwó rẹ̀ láti pè é, ẹnu rẹ̀ là, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà tí wọ́n ti yọ. Ìyàwó náà wò ó, omi lé ròrò lójú rẹ̀, kò lè pe òun náà. Ni ọmọ tuntun bá ké. Kó tó pa ẹnu dé, ohùn kan ti inú okùn orí òrùlé dáhùn, ohùn pẹ̀lẹ́, ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ:

"Má sunkún. Mo ń bọ̀. Bó bá di ọjọ́ kẹjọ tí bàbá rẹ kò rí orúkọ sọ ọ́, èmi ni n óò sọ ọ́, tèmi ni wàá sì jẹ́."

Láti ọjọ́ náà, okùn bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ènìyàn. Yóò kàn pe orúkọ kan, wẹ́lo-wẹ́lo, nínú kùrukùru àárọ̀. Ẹni tí ọjọ́ ti pẹ́ tó ti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ṣé kò ní yọ̀? Yóò fò sókè, yóò ní, "Hẹ́ẹ̀! Èmi nìyí!" Bó bá ti jẹ́ báyìí, ojú rẹ̀ á kú, á dìde, á sì wọ inú Igbó Okùn lọ láìwẹ̀yìn. Bàbá Asọ́bodè ló kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá jẹ́ ló ń lọ. Ẹni tí kò bá jẹ́, kò sí ohun tí ohùn náà lè fi í ṣe.

Ọdẹ wo ọmọ rẹ̀ tí kò ní orúkọ, ó dìde. Ó mú fèrè ìwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Pè-kí-n-gbọ́, tí wọ́n máa ń fọn sí ọ̀nà jíjìn láti mọ̀ bóyá ẹnìkan ṣì wà níbẹ̀. Ó mú ajá rẹ̀, Atọpasẹ̀, tí ń gbó ní oríta kọ̀ọ̀kan kí olówó rẹ̀ lè mọ ibi tí ọ̀nà gbà. Ó mú igbá kékeré tó fi ń bu ọ̀rọ̀ wò nínú okùn. Ìyá Onírú dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó di irú sínú ewé.

"Ẹlẹ́sẹ̀-Ìrì, ọkọ mi, ẹ̀yin náà fẹ́ lọ?"

"Ìyàwó wa, bí n kò bá lọ, ta ni yóò lọ? Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù aáyán?"

"Èyí tó ń fò nìkan ni mò ń bẹ̀rù. Ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́."

"Orúkọ wo? Ṣé ó kù?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí wọn lẹ́nu. Ìyá Onírú fi irú náà sínú àpò rẹ̀. "Ẹ gbọ́, ọkọ mi. Àgbà tí a kò gbọdọ̀ bi léèrè ló kó wa sí wàhálà yìí. Ohunkóhun tó bá pè yín níbẹ̀, ẹ bi í kí ẹ tó jẹ́. Bó bá jẹ́ ohùn èmi gan-an, ẹ bi mí." Ó sì gbé orin sí i lẹ́nu, ẹ bá mi gbè é, ẹ má ṣe jẹ́ kí n máa dá a kọ bí ẹyẹ àdábà:

Ta ní ń pè mí o?
Béèrè kó o tó jẹ́!
Bó bá jọ ohùn bàbá ńkọ́?
Béèrè kó o tó jẹ́!
Bó bá jọ ohùn ìyá ńkọ́?
Béèrè kó o tó jẹ́!
Ìbéèrè kì í ṣe àrífín,
Béèrè kó o tó jẹ́!

Bó ṣe wọ Igbó Okùn nìyẹn. Kò sí ewé níbẹ̀, kò sí ẹyẹ. Okùn nìkan ló so rọ̀ láti òkè, ẹgbàágbèje okùn, ọ̀rọ̀ sì ń sáré nínú wọn bí ìjàlọ. Bó o bá fi etí lé ọ̀kan, wàá gbọ́ ẹni tó ń sunkún ní ìlú tí o kò dé rí. Ó gbé Pè-kí-n-gbọ́ sẹ́nu, ó fọn ọ́n síhà Ìlú Ìkùukùu. Ìró náà lọ, ó bọ̀. Ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì; ó lọ, ó pẹ́ kó tó bọ̀. Ó tún fọn ọ́n. Èyí tó pa dà wá lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe ìró fèrè mọ́. Ẹnìkan ló ń fi ẹnu ṣe bíi fèrè.

Ajá fi ìrù sáàárín itan. Ọdẹ na igbá rẹ̀ sí okùn tó súnmọ́ ọn, ó bu ọ̀rọ̀ wò. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti wé le bí èkùrọ́, eyín kankan kò lè fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọn kò wé dùbúlẹ̀ nínú igbá ní ìhòòhò, gbogbo ayé lè kà á: "…má jẹ́ kí ìyá mi gbọ́ o…" "…ẹja tútù ti dé…" Láàárín wọn ni ó ti rí ọ̀rọ̀ ìṣílẹ̀kùn Ìdí-Ìyeyè, tó ń léfòó bí òkú ẹja. Asọ́bodè ò wé e kó tó sọ ọ́ sókùn. Ojú ti ọdẹ, ó fi ọwọ́ bò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi orúkọ ìyá yín ṣe páásíwọ́ọ̀dù, mo rí yín. Ẹ máa wolẹ̀.

Ní oríta, ajá gbó. Ẹbọra kan dúró níbẹ̀ tó jẹ́ kìkì apá, kò ní ẹsẹ̀, apá rẹ̀ sì nà sí ọ̀nà gbogbo. Ó ní:

"Mo mọ ọ̀nà gbogbo, n kò dé ibì kankan rí. Gbogbo ènìyàn ń bi mí, kò sẹ́ni tó ń kí mi. Kí ni mí?"

"Oríta ni yín," ni ọdẹ wí. "Ẹ kú ìdúró o. Ẹsẹ̀ ń dun ẹni tó ń rìn. Ẹni tó dúró sójú kan láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ńkọ́?"

Ẹbọra náà sunkún fún ayọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó kí i rí. "Ìlú Ìkùukùu? N kò mọ ibẹ̀. Oríta tó kàn nìkan ni mo mọ̀. Òun náà yóò mọ èyí tó kàn án. Báyìí la ṣe ń dé ibi gbogbo." Ó na apá kan. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ ti ń lọ, ó gbọ́ tó sọ lẹ́yìn rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ohùn kan ti kọjá níbí ṣáájú rẹ. Ohùn rẹ ló wọ̀ bí aṣọ."

Láti oríta dé oríta ni wọ́n ń lọ, ajá ń gbó, títí wọ́n fi dé ìlú kan tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn tó jẹ́ ìpè ló ń gbé ibẹ̀. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan jókòó, ó kọjú sí ògiri, okùn kan wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọrùn. Ọdẹ rí àwọn ará ìlú rẹ̀ níbẹ̀, ó sì rí àwọn ará ìlú tí kò mọ̀ rí. Ohùn kan ti òkè wá, ó ní, "Ẹ kàn án." Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbé ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn tí kò sí níwájú wọn, gbì, gbì, gbì. Ní ibi jíjìn réré, ilé ẹnìkan tí kò ṣẹ̀ wọ́n mì, ó wó. Wọ́n sì tún jókòó. Kò sí ìkankan nínú wọn tó mí kanlẹ̀.

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ òórùn ọdẹ. Wọ́n yí ọrùn padà láìyí ara, wọ́n rọ̀ yí i ká, ọwọ́ wọn tutù bí ẹ̀yìn ìkòkò omi.

"Kí ni orúkọ rẹ?"

"N kò ní."

"Kí ni orúkọ rẹ?"

"Wọ́n ti jí i. Ẹ bi ọ̀gá yín."

Ọwọ́ wọn ń yọ̀ lára rẹ̀ bí ọwọ́ tó di ohun tí a fi epo pa mú. Ohun tí kò ní orúkọ, níbo ni wọn yóò ti dì í mú? Ó gba àárín wọn kọjá. Ó rí Bàbá Asọ́bodè ní ilé tó kẹ́yìn, tó ṣì kọjú sí ògiri, ó tẹ̀ sí i létí, ó ní, "Bàbá, ẹ mú sùúrù." Arúgbó náà kò yíjú, ṣùgbọ́n omi ojú rẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri.

Ṣé ẹ̀rù ti ń bà yín? Ọ̀dọ̀ mi lẹ jókòó sí. Iwin tó bá fẹ́ gbé yín yóò kọ́kọ́ gbọ́ orin mi, yóò sì gbàgbé ohun tó bá wá.

Ẹ̀yìn ìlú náà ni odi iná wà, iná tí kò ní èéfín, tí kò sì pariwo. Oníbodè kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyín iná lábẹ́ eérú. Òun ló ni odi, òun náà ni onílé gbogbo àká inú Ìkùukùu.

"Ohun tí n kò bá pè, kì í wọlé," ni Oníbodè Iná wí. "Kí ni o mọ̀, kí ni o mú dání, kí ni o jẹ́?"

"Mo mọ ọ̀nà tí mo gbà wá, ajá mi lè ka oríta rẹ̀ fún yín. Mo mú kọ́kọ́rọ́ idẹ àká Ìdí-Ìyeyè dání. Èmi sì ni bàbá ọmọ kan tí kò ní orúkọ."

Oníbodè fi ìka iná kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo ìlà inú rẹ̀, ó mi orí. "Òótọ́ ni. Ẹ̀yin ará Ìdí-Ìyeyè, ẹ ti pẹ́ lórí ilẹ̀ mi, ẹ kò sì tíì lo ẹ̀tọ́ yín rí. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ àká lè dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kó bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹni tí a bá bi lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí i dáhùn, ojú ọ̀nà yóò tì mọ́ ọn títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹ kì í béèrè. Dídọ̀bálẹ̀ ni tiyín."

Ó ya iná sí méjì, ọdẹ kọjá.

Inú Ìlú Ìkùukùu funfun, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan nǹkan, síbẹ̀ kò já bọ́. Ó rí àká ìlú rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n dúdú kan ti wé àpótí orúkọ inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kò sì sí ojú ihò kọ́kọ́rọ́ kankan tí kọ́kọ́rọ́ ọdẹ lè wọ̀. Ó ń gbọ́ àwọn orúkọ nínú àpótí, wọ́n ń jà bí ẹyẹ inú àgò.

"Ọmọ mi," ni Baálẹ̀ wí láti inú àká. "O ṣé tí o wá. Fún mi ní kọ́kọ́rọ́ náà."

Ọdẹ fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó rántí orin, ó dúró, kò jẹ́.

Ohùn náà yí padà. Ìyá rẹ̀ tó ti kú ló ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ikọ́ tó máa ń hú láàárín ọ̀rọ̀. "Òtútù ń mú mi níbí, ọkọ mi. Kọ́kọ́rọ́ yẹn, mú un wá." Omi bọ́ lójú ọdẹ. Ó di ẹnu, kò jẹ́. Ó sì mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ wàyí: Afohùnṣaṣọ tí àwọn àgbà máa ń sọ ìtàn rẹ̀, ẹ̀dá tí kò ní ara, tí kò ní ìyá, tó ń fi ohùn olóhùn bora nítorí òtútù òfo ń pa á.

Lẹ́yìn náà, òórùn irú gba inú àká. Ohùn Ìyá Onírú jáde, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀ gan-an, bí ẹni pé ó dúró nídìí ààrò:

"Ọdẹ́jìnmí! Ọdẹ́jìnmí o! Ilé ti dára. Orúkọ ti pa dà. Jù kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó o máa bọ̀ wá jẹun."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, orúkọ rẹ̀ nìyẹn! Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí ìlú ti dákẹ́. Orí rẹ̀ wú, ara rẹ̀ yá, ahọ́n rẹ̀ ti gbéra láti jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ìbàdí. Ó ku díẹ̀ báyìí. Ó ku bí ojú abẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan gún un lọ́kàn. Láti ọjọ́ tí ìyàwó yìí ti wọlé, ìgbà wo ló pè é bẹ́ẹ̀ rí? Kí ìyàwó dúró nínú agbo ilé, kó la ẹnu pe ọmọ onílé lórúkọ gbangba! Ìyá Onírú yóò kọ́kọ́ gbé aáyán tó ń fò mì.

Ọdẹ bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó na kọ́kọ́rọ́ sókè. "Ìyàwó wa, ẹ kú ilé. Kí lẹ máa ń pè mí?"

"Ọdẹ́jìnmí, kí tún ni?"

"Kí lẹ máa ń pè mí, ìyàwó wa?"

Afohùnṣaṣọ tú gbogbo àká wò. Ó ki oríkì ọdẹ láti orí bàbá ńlá rẹ̀ wá dé orí rẹ̀, kò fo ọ̀kan, kò ṣi ọ̀kan pè. Ó dùn tó fi jẹ́ pé ajá gan-an gbé etí sókè. Ṣùgbọ́n ohun tí ọdẹ béèrè kò sí nínú àká. Wọn kò kó o lọ síbẹ̀ rí.

"Ìbéèrè mi nìyí o, èyí tó kẹ́yìn. Kí ni ìyàwó ilé wa ń pè mí?"

Ohùn Ìyá Onírú fà ya. Ohùn ìyá tó ti kú yọ lábẹ́ rẹ̀, ti Baálẹ̀ yọ lábẹ́ ìyẹn, ohùn àwọn ọmọdé, ohùn àwọn tí ọdẹ kò mọ̀, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà. Lábẹ́ gbogbo wọn, ẹ̀fúùfù kékeré kan ló kù, tó ń sọ pé, "Ta ni mí? Ta ni mí?" Ojú ọ̀nà tì gbàgà, ó sì tì í mọ́ta, sínú òfo.

Ọdẹ kọjú sí ẹ̀wọ̀n. Ó fà á, kò já. Ó gbé e lu ilẹ̀ tí kò sí. Kò já. Oníbodè Iná ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀wọ̀n Afohùnṣaṣọ, kò sẹ́ni tó lè tú u mọ́," ló wí. "Yàrá ni mo fi yá yín, ẹrù inú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ̀yin lẹ sì ni ìṣọ́ rẹ̀. Ẹ̀dà dà? Ta ló gbé gbogbo ohun tó ní lọ sójú kan, tí kò fi ẹ̀dà sílé?"

"A kò ní ẹ̀dà." Ọdẹ jókòó, ó sunkún. Ó rí ojú ọmọ rẹ̀. Ó sunkún títí, ó sì dákẹ́ lójijì, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn. Kí ni ohun tí olè kò mọ̀? Kí ni kò sí nínú àká?

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀dà wà! Ìdí àdògán ló wà!"

Ó fi orúkọ Ọdẹ́jìnmí sílẹ̀ síbẹ̀, nínú ẹ̀wọ̀n, ó sì sáré bọ̀ wálé.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló wọ ìlú. Olórí Ẹbí jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà, wọ́n gbé omi, oyin àti iyọ̀ kalẹ̀, kò sí ẹni tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Okùn orí òrùlé ń kùn, bí ẹni tó ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Ọdẹ kò tilẹ̀ kí wọn tán. "Ìyàwó wa, ẹ pe gbogbo ìyàwó ilé jáde. Ẹ̀yin ni ẹ ó sọ ọmọ yìí lórúkọ."

Olórí Ẹbí fò dìde. "Èèwọ̀! Ìyàwó kì í sọ ọmọ onílé lórúkọ níwájú àwọn tó nílé!"

"Má-rẹ̀-wá-lójú, ọkọ mi," ni Ìyá Onírú dá a lóhùn, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, "ẹ̀yin tí ẹ nílé, ẹ sọ ọ́ nígbà náà. À ń gbọ́."

Olórí Ẹbí la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti pe òun, òun sì ti yíjú. Ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ máa sọ ọ́ nìṣó," ló wí.

Àwọn ìyàwó gbé ọmọ wọ ilé ìdáná, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n yọ okùn kúrò lórí àjà. Olúkúlùkù fi ẹnu kan etí ọmọ náà, wọ́n sọ orúkọ kan sí i, tí èéfín nìkan gbọ́. Wọ́n gbé e jáde. Gbogbo okùn ìlú mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀fúùfù òfo, Afohùnṣaṣọ tí ọ̀nà tì mọ́ta, ti rí ihò eku kan gbà wọnú okùn. Ó pe ọmọ náà ní orúkọ, orúkọ dáadáa, orúkọ ọlọ́lá. Ó tún pè é ní òmíràn. Ó pe orúkọ títí tí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Ọmọ náà ń sùn. Kò ṣẹ́jú.

Nígbà náà ni àwọn ìyàwó Ìdí-Ìyeyè tò sí etí Igbó Okùn, wọ́n ń gbé orin:

Eyínfúnjowó, máa bọ̀ nílé o,
Ọbẹ̀ ti jinná, máa bọ̀!
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, máa bọ̀ nílé o,
Ọbẹ̀ ti jinná, máa bọ̀!
Ohun tí a pè ọ́ nídìí ààrò,
Olè ò gbọ́, máa bọ̀!

Lẹ́yìn náà, kùrukùru là. Wọ́n ń jáde wá lọ́kọ̀ọ̀kan, okùn ń já lẹ́yìn ọrùn wọn, ojú wọn ń mọ́lẹ̀ padà, ìrì rin ẹsẹ̀ gbogbo wọn gbindin. Bàbá Asọ́bodè ló kẹ́yìn. Baálẹ̀ gidi na ọwọ́ sí i, ó ní, "Asọ́bodè, káàbọ̀." Arúgbó náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó dá dúró lágbedeméjì. "Baálẹ̀, ẹ má bínú," ló wí, "kí ni ìyàwó ilé yín ń pè yín?" Gbogbo ìlú mí èémí sínú. Baálẹ̀ bojú, ó sì tẹ̀ sí i létí, ó sọ ọ́. Ohun tó sọ pa Asọ́bodè lẹ́rìn-ín tó fi jókòó sílẹ̀.

Wọn kò já gbogbo okùn. Okùn dára; ó ń gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà jíjìn. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò ni wọ́n gé, wọ́n sì ń wé ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gbé lọ sókè, wọ́n máa ń fi ẹ̀dà rẹ̀ sílé, wọ́n sì ń há òmíràn sórí. Títí di òní, bí àgbà bá pe ọmọdé nínú okùn ní Ìdí-Ìyeyè, ọmọdé yóò kúnlẹ̀, yóò sì béèrè. Kò sẹ́ni tó ń bínú.

Ẹ fẹ́ mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà? Ẹ ṣeun, ẹ lọ bi èéfín. Ohun tí mo lè sọ fún yín ni pé ọmọ náà dàgbà, ó darúgbó, kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí orin tí kò mọ̀. Bí òjò bá ń bọ̀, tí okùn bá ń kùn lórí òrùlé, ó máa ń gbọ́ ẹnìkan tó ṣì ń dán orúkọ wò, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Kì í dáhùn. Ó kàn máa ń gbé orin lé e lórí, bí ẹ ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí ẹ ti sún mọ́ mi.